Ilé Mẹkáníìkì Kan Lójú Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Pariwo

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò lára mẹkáníìkì ni ohun tó bá ṣe nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ tún un tẹ̀, títí ìró náà yóò fi gba gbogbo ọgbà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò mi orí, tí wọn yóò sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́kì, kí ẹ lọ wá owó tòkunbọ̀ mìíràn. Ní ilé mẹkáníìkì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n pa ẹ́ńjìnnì náà, kí n má sì ṣáná sí i mọ́ títí òun yóò fi yọ gééjì ọ́ìlì wò. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n gbà láti fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn onímọ́tò Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nítorí mo ti rí púpọ̀ nínú wa tó ń sin ẹ́ńjìnnì tí kò tíì kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Àwọn ọ̀nà tí a ń rìn jù lọ, ìyẹn ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní àti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré, tí tírélà sì pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń fún sítíárìn àti bíréèkì ní ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń rọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa lọ́rùn. Bí ó bá kú lójijì lórí eré, sítíárìn yóò wúwo, bíréèkì yóò sì gbọ́ràn fún ìwọ̀nba ìtẹ̀ díẹ̀ kó tó le. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí nítòsí Ògèrè, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní àkókò láti máa rò ó pé kí ni òun ì bá ti ṣe sí ìró tí òun ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọkọ̀ tèmi jẹ́ tòkunbọ̀ onísìlíńdà mẹ́rin. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, a sì máa hàn nígbà tí mo bá ń gun òkè tàbí tí mo bá kó ẹrù: kò-kò-kò, láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Bí ó bá ti gbóná, ó di ohun tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn náà ń gbọ́. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ kò ṣí nǹkan kan, kò wọn nǹkan kan, ó kàn dárúkọ iye tí ẹ́ńjìnnì mìíràn yóò ná mi. Ní ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n yọ gééjì ọ́ìlì, wọ́n sì rí i pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ. Wọ́n da ọ́ìlì kún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tú sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń tan iná pupa ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi rọ́bà aago kan dè sí ojú ihò rẹ̀, ó wá ní kí n ṣáná sí i láìtẹ̀ ẹ́ rárá. Aago yẹn ni wọ́n fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó lọ sókè dáadáa. Nígbà tí ó gbóná, ó já wálẹ̀ títí tí mo fi rò pé aago náà ti bàjẹ́. Ọ̀gá ṣàlàyé fún mi pé òdiwọ̀n tí àwọn ń tẹ̀ lé ni pé ó yẹ kí pírẹ́ṣọ̀ tó nǹkan bí 10 psi fún ẹgbẹ̀rún yíyí kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, àti pé iná pupa inú ọkọ̀ kì í sábà tàn àfi tí pírẹ́ṣọ̀ náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹni tó bá ń dúró de iná yẹn kó tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ti pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í já wáyà púlọ́ọ̀gì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá sì fi ọ̀pá irin gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n já ti sìlíńdà kẹta, ìró náà rọlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iná kò bá jó nínú sìlíńdà kan, písítìnnì rẹ̀ kò ní fi agbára lu kọnrọ́ọ̀dù mọ́, ìyẹn ọ̀pá irin tó so písítìnnì mọ́ kíráńṣáàfù, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà àlàfo tó wà lábẹ́ kọnrọ́ọ̀dù yẹn kò ní rí ohun tí yóò fi pariwo. Kí wọ́n tó tú bóòtù kan ṣoṣo, wọ́n ti mọ ibi tí àìsàn wà. Nígbà tí wọ́n wá sọ sọ́ǹpù, àwo tó ń gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀, eérú irin tó ń dán bíi bàbà wà nínú ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú sì ti dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Wọ́n pè mí kí n wá fi ojú ara mi rí i. Mo mọ iyì rẹ̀, nítorí pé ìròyìn lásán ni wọ́n máa ń fún wa níbòmíràn.

Fún àwọn tí kò mọ ohun tí mẹkáníìkì ń pè ní mẹ́táàlì, ó jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ìlàjì òrùka, tó wà láàárín kọnrọ́ọ̀dù àti kíráńṣáàfù. Irin méjèèjì yìí kò gbọdọ̀ fi ara kan ara. Ọ́ìlì tí pírẹ́ṣọ̀ ń tì wọ ihò inú kíráńṣáàfù ló ń gbé wọn kúrò lára ara wọn, àlàfo tí ọ́ìlì náà sì ń kún kò nípọn ju irun orí lọ. Bí ọ́ìlì bá dín kù, tàbí tí asẹ́ rẹ̀ bá dí, tàbí tí ooru bá ti sọ ọ́ di omi, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Àlàfo yóò fẹ̀, ìró yóò bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ń wa ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, mẹ́táàlì lè yí kúrò ní ipò rẹ̀ kó dí ihò ọ́ìlì, kí kọnrọ́ọ̀dù gan-an mọ́ kíráńṣáàfù lára, tàbí kó já, kó sì lu ihò sí ara ẹ́ńjìnnì. Láàárín ìgbà tí ìró bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà yẹn ni a ṣì lè gba ẹ́ńjìnnì là. Tèmi ṣì wà láàárín ìgbà náà. Wọ́n wọn kíráńṣáàfù, wọ́n rí i pé kò tíì jẹ kọjá ohun tí a lè dán, wọ́n pààrọ̀ mẹ́táàlì kọnrọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fọ asẹ́ àti gbogbo ojú ọ̀nà ọ́ìlì, wọ́n sì tún wọn pírẹ́ṣọ̀ lójú mi kí n tó gba kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà, mo ti ń gun òkè tó máa ń mú un dún tẹ́lẹ̀, ìró náà kò sì padà wá.

Kì í ṣe gbogbo ìró ló burú tó èyí, ohun tí mo sì rí nínú ọgbà yẹn ni pé wọn kì í dárúkọ ìró kí wọ́n tó mọ ibi tó ti wá. Tápẹ́ẹ̀tì a máa dún tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́ láti òkè, ìró rẹ̀ fúyẹ́, ó sì máa ń lọ́ra ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé ìlàjì iye ìgbà tí kíráńṣáàfù ń yí ni káàmù òkè, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ń yí. Ṣéènì táímìn tó ti fà máa ń ké ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ní òwúrọ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná, kó tó dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá dé ibi tó ń mú un le. Písítìnnì tó ti jẹ díẹ̀ lè máa lu ògiri sìlíńdà nígbà òtútù, kó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rìn fún ọjọ́ pípẹ́. Ìró tó ń dákẹ́ bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná kì í sábà jẹ́ ẹgbẹ́ ìró tó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń gbóná. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ń han fíìn-fíìn, wọn yóò kọ́kọ́ yọ fáànù bẹ́líìtì, wọn yóò ṣáná sí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, a jẹ́ pé bẹ́líìtì tàbí ohun tí ó ń yí ló ni ariwo, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi èyí nìkan dá bàbá kan lóhùn, tí wọ́n pààrọ̀ béárìn kékeré kan fún un, tí ó sì lọ.

Ìyá kan láti Ìkẹ́nnẹ́, tó jẹ́ olùkọ́, gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá nítorí pé ó máa ń kú fún un lójú ọ̀nà láìpariwo rárá. Yóò kú nígbà tó bá gbóná, yóò kọ̀ láti jí, lẹ́yìn tí ìyá náà bá sì ti dúró títí tó tutù, yóò jí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti sọ fún un níbòmíràn pé ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ. Ọ̀gá wí fún un pé, “Mọmí, ẹ́ńjìnnì tó ń kú lọ kì í sinmi kó tún jí bẹ́ẹ̀.” Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí kíráńṣáàfù ló ti rẹ̀, bí ooru bá ti mú un, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tanná mọ́. Sẹ́ńsọ̀ kan ni wọ́n pààrọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dá dúró lójijì: ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ń yí geerege, àmọ́ tí kò jí, epo, iná tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá kọ̀ láti yí pátápátá, tí bátìrì àti sítátà sì dára, ìgbà náà ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Wọn kì í sì í parọ́ ìrètí fún ènìyàn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń kó ẹrù gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó wà níbẹ̀, omi radiétọ̀ rẹ̀ ti gbẹ lójú ọ̀nà, ó sì ti wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ títí tó fi dá dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù, orí sìlíńdà ti tẹ̀, ògiri inú rẹ̀ sì ti ha. Wọ́n sọ fún un láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé kí ó wá háàfù ẹ́ńjìnnì, nítorí pé owó tí yóò fi tún èyí ṣe yóò kọjá ohun tí yóò rí gbà lára rẹ̀. Ìròyìn burúkú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú ọkùnrin náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àgọ́-Ìwòyè gbé Hyundai Sonata kan tó fẹ́ rà wá kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọ̀gá tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, VIN, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀ lójú òpó àjọ ààbò ọkọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, NHTSA, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá iṣẹ́ àtúnṣe kan wà tí wọ́n ti kéde fún ọkọ̀ náà tí wọn kò tíì ṣe. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ayé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Hyundai pe nǹkan bí 470,000 Sonata ọdún 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé èérún irin tó kù sínú kíráńṣáàfù nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì lè dí ọ̀nà ọ́ìlì, kó sì jẹ mẹ́táàlì kọnrọ́ọ̀dù títí ọkọ̀ yóò fi kú lórí eré. Ní ọdún 2017, Hyundai àti Kia tún fi nǹkan bí 1.2 mílíọ̀nù ọkọ̀ mìíràn kún un ní orílẹ̀-èdè kan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àjọ náà kéde ìjìyà tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì nítorí bí wọ́n ṣe pẹ́ kí wọ́n tó pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà ni ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe tí wọ́n ṣe: wọ́n fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó ń lo sẹ́ńsọ̀ láti máa fetí sí ìró kọnrọ́ọ̀dù, tí yóò sì dín eré ọkọ̀ kù bí ó bá gbọ́ ọ, kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú lójijì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà pàápàá gbà pé ìró ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe Sonata nìkan ni wọ́n ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Lára Camry tí a ń pè ní Mọ́sù, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2.4 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 2AZ-FE, ríìnì písítìnnì tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì jó lọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Toyota fúnra rẹ̀ fa àkókò ìdánilójú (wáráńtì) gùn ní Amẹ́ríkà nítorí èyí fún Camry ọdún 2007 sí 2009. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá ń yọ gééjì wò lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ sáfíìsì, ọ́ìlì lè tán láìsí ojú ibi tó ti ń jò.

Lórí ọ́ìlì, ọ̀gá yìí le gan-an, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì 20W-50, èyí tó ki, sínú ẹ́ńjìnnì tí ìwé rẹ̀ sọ pé 5W-30 tàbí 0W-20 ni kó máa mu yóò jà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ́ìlì tó ki ló dára fún oòrùn ilẹ̀ wa, àwọn mìíràn sì ń lò ó láti fi bo ìró mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ta ọkọ̀. Ọ́ìlì tó ki jù máa ń pẹ́ kó tó dé òkè ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀, ó sì lè má lè gba inú àwọn ihò tín-ín-rín tó ń darí táímìn ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kọjá bó ṣe yẹ. Wọn kì í gba ọ́ìlì tí oníbàárà rà lójú títì tí wọn kò mọ orísun rẹ̀. Wọ́n á sì máa la fílítà àtijọ́ sí méjì láti wá eérú irin nínú rẹ̀. Ó jẹ́ àṣà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe sáfíìsì ní Ìjẹ̀bú gbà.

Mo ní ẹ̀sùn. Nǹkan bí 20,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún àyẹ̀wò, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ nígbà tí mo gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Mẹ́táàlì tí wọ́n rà láti Ládípọ̀ kò ní rìsíìtì títí mo fi béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi kọjá kí wọ́n tó parí, ẹni tó sì yẹ kó pè mí kò pè. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ délé, ọ́ìlì ń kán láti ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹpù. Wọ́n gbà á padà, wọ́n tún gáásìkẹ́ẹ̀tì náà fi láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì bẹ̀ mí, àmọ́ kò yẹ kó jáde lọ́gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé ọ̀gá nìkan ló mọ iṣẹ́ etí yẹn. Ní ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń tú bóòtù dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn náà ń sọ pé kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ kí àwọn gbọ́. Ó yẹ kí ó kọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kò sì sí ibi tí oníbàárà lè jókòó sí bí òjò bá ń rọ̀, yàtọ̀ sí abẹ́ páànù tí wọ́n ń kó táyà sí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, owó tí mo san lápapọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ní kí n fi ra ẹ́ńjìnnì, mo sì mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó pè ṣáájú láti mọ̀ bóyá ọ̀gá wà nílé. Bí ìró náà bá ń ti ìsàlẹ̀ wá, tó sì ń le sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, kí ó má ṣe wa ọkọ̀ náà láti Ṣágámù tàbí Ilíṣàn wá síbẹ̀. Owó ọkọ̀ tí yóò fà á wá kéré sí owó kíráńṣáàfù. Wọ́n máa ń ti ọgbà fún wákàtí díẹ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀, wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Bí Iléyá bá sì ti ń súnmọ́, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń ti Èkó àti ìdálẹ̀ bọ̀ wá sí Ojúde Ọba, ọgbà náà máa ń kún débi pé wọn kì í gba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì títí ayẹyẹ yóò fi parí, àfi sáfíìsì nìkan.